Ìkálẹ̀ Kò sí Lórí Òkè, Síbẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ Ń Ru Níbẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ìròyìn burúkú ti Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn ń kú lójijì. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ wọn, ojú á ṣú, wọn ò ní ríran mọ́, lẹ́yìn náà wọn á dákú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó kú ti ju mẹ́wàá lọ. Ìlú dàrú. Àwọn kan ní òrìṣà Malòkun ló ń bínú nítorí pé wọ́n tọwọ́ bọ ojúbọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé Ẹ̀bólà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ ló tún padà dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó rán dókítà wá, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sí i, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní methanol ni wọ́n bá, inú ògógóró tí àwọn ènìyàn náà mu ló sì ti wá.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn yìí. Ọjọ́ tí a mọ ohun tó ń pa wá gan-an ni a tó mọ ohun tó yẹ kí a sá fún.

Ikú mìíràn wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kì í kó ìdààmú bá ìjọba, nítorí kì í pa mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń mú wọn. Lónìí, ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Òkìtìpupa ni. Lọ́la, awakọ̀ tó ń ná Oòrè sí Igbótakó ni. Lọ́túnla, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlútitun ni. Ara á dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n sùn; kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu ti wọ́, apá kan ti kú, ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Wọ́n á tò ó lọ sílé aládùúrà, wọ́n á tò ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, owó á tán, àkókò náà á sì lọ. Bẹ́ẹ̀ rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Àwọn oníwádìí wa ní ilẹ̀ Yorùbá níbí ti wá ìdí rẹ̀ kàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ṣáájú; wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà kúrò ní Ìbàdàn, kó dé Ayéka, Ìkòyà, Erínjẹ àti Òde-Aye.

Ohun tí òkè gíga ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀

Ká tó wo tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti àwọn ará òkè. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lágbàáyé fẹ́ràn àwọn tó ń gbé lórí òkè, wọ́n sì nídìí. Bí ènìyàn ṣe ń gùn ún lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Cerro de Pasco, ìlú awakùsà kan ní orílẹ̀-èdè Peru, ga tó nǹkan bí mítà 4,300 sí ojú òkun. Ọ́síjìn tí ènìyàn ń fà símú lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ẹni tó wà létí òkun ń rí fà. Ara á wá dá ọgbọ́n: á máa pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà lè kárí. Àmọ́ lára àwọn kan, ọgbọ́n náà máa ń kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ á ki, orí á máa fọ́, ètè á ṣú, ọkàn á sì máa ṣe làálàá kó tó lè ti ẹ̀jẹ̀ kíki náà kiri ara. Dókítà Carlos Monge, ọmọ Peru, ló ṣàlàyé àìsàn yìí ní 1925, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Àwọn ará Tibet ti wà lórí òkè tipẹ́tipẹ́, ẹ̀jẹ̀ tiwọn kì í sì í sábà ki tó bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn oníwádìí rí i pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní EPAS1 ni àjogúnbá wọn fi yàtọ̀, òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ wọn dúró kó má ki jù. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé wọ́n ti bọ́. Wọn ò bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn oníwádìí sì nàka sí ni iyọ̀, nítorí tíì tí wọ́n ń mu láti òwúrọ̀ dalẹ́, bọ́tà àti iyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn.

Kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mítà 2,500 ni àwọn dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òkè gíga; Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Òkè Ìdànrè tí ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń yangàn kò tó ìdajì ìyẹn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, igbó ọ̀pẹ àti rọ́bà ló yí i ká, ó sì ń rọra lọ sílẹ̀ títí ó fi kan omi àwọn Ìlàjẹ. Afẹ́fẹ́ kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wa ga wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó wà nínú bí a ṣe ń gbé ayé wa, ó sì wà nínú pé ọ̀pọ̀ wa kò wọn ẹ̀jẹ̀ rí. Ará Tibet àti ará Òkìtìpupa kò jọ gbé ibì kan náà, àmọ́ iyọ̀ kan náà ló ń bá wọn jà.

Ọmọ Oǹdó tó tètè kígbe

Nígbà kan, wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ara àìsàn adúláwọ̀. Ní 1929, dókítà òyìnbó kan, C. P. Donnison, tó ṣiṣẹ́ ní Kavirondo ní Kenya, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet pé nínú nǹkan bí 1,800 aláìsàn tí òun gbà sílé ìwòsàn láàárín ọdún méjì, òun kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ọ̀pọ̀ dókítà ló di èrò yìí mú fún ìgbà pípẹ́.

Lára àwọn tó já èrò náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Olújìmí Akínkúgbé, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tí wọ́n bí ní 1933. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín ló fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1969, òun àti O. A. Ojo gbé ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ga sí lára àwọn ará oko àti àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà. Ní 1972, ó kọ odidi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn àìsàn tí kì í ràn, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ìròyìn wọn jáde ní 1997: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ àwọn bí 11 ga. Ẹ rántí pé òṣùwọ̀n tí wọ́n lò nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ gba ènìyàn wọlé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 160 lórí 95 nìkan ni wọ́n kà. Ká ní 140 lórí 90 tí a ń lò lónìí ni, iye wọn ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akínkúgbé jáde láyé ní oṣù kẹfà 2020. Ó ti fi ohun tó tó sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, onímọ̀ nípa ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Láàárín 1973 sí 1975, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣí ìwé sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ka gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú ní ìlú Ìbàdàn. Iye tí wọ́n rí ni ènìyàn 26 nínú 100,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹyọ pé òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà jù.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìran adúláwọ̀, pé bí Olódùmarè ṣe dá wa nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 1997 dá wọn lóhùn. Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago ló ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Ìbàdàn sì kópa nínú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n lo òṣùwọ̀n kan náà àti ìlànà kan náà fún àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà, títí kan Ìgbò-Ọrà, àti Cameroon, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Jàmáíkà, St. Lucia àti Barbados, àti àwọn tó wà ní Maywood nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà.

Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní erékùṣù Caribbean, wọ́n di 26. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n di 33. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Oúnjẹ, ìsanra, iṣẹ́ àti wàhálà ilẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn ló yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ìran nìkan ni, iye wọn ì bá má jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó bà wá nínú jẹ́ ni pé a kò nílò láti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà mọ́ kí tiwa tó dà bíi tiwọn. Davies Adeloye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri Nàìjíríà jọ, wọ́n sì ṣírò pé ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní 1995. Ní 2020, ó ti di 32.5. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 àti ààbọ̀ ènìyàn nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní in, bí 29 ló mọ̀ pé àwọn ní in, 12 ló ń gba ìtọ́jú, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti wálẹ̀ síbi tó yẹ kò pé mẹ́ta. Ní ọdún 25 péré, a ti bá ará Maywood dọ́gba. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé àwọn ní dókítà tó ń wọn tiwọn.

Nǹkan mọ́kànlá tí SIREN kà sílẹ̀

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo ilé ní Ìkálẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní SIREN. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Bruce Ovbiagele tó wà ní Amẹ́ríkà ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ghana. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Kano, Zaria, Accra àti Kumasi wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, láti 2014 sí 2017. Wọ́n wá ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ wọn kí iyèméjì má baà sí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n wá ẹnìkejì fún, tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n tí àìsàn náà kò mú un rí. Láti mọ ẹni tí kò mú rí, wọ́n lo ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá, Hausa àti Akan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ìgbé ayé àwọn méjèèjì wéra.

Èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet Global Health ní 2018. Nǹkan mọ́kànlá ni wọ́n rí pé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún rọpárọsẹ̀ so mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú, òun nìkan so mọ́ ìdá 90. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò rí bó ṣe yẹ, ẹran jíjẹ déédéé, ikùn tó tóbi jù bí a bá fi wé ìbàdí, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀, àrùn ọkàn, àìṣeré ìdárayá àti sìgá mímu. Ọjọ́ orí àwọn tó mú kò ju nǹkan bí 59 lọ ní ìpíndọ́gba. Ọjọ́ orí tí ènìyàn ṣì ń sanwó ilé ìwé ọmọ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣubú.

Mo fẹ́ kí ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ńlá ni SIREN ti rí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó kú sínú yàrá rẹ̀ ní Àkótógbò, tàbí ẹni tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ sí ilé àdúrà títí ẹ̀mí fi bọ́, kò sí nínú 2,118 yẹn. Kò sí ẹni tó kà wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwádìí kò tíì parí títí wọ́n á fi gbé ìwé àti ẹ̀rọ wọ inú abúlé Ìkálẹ̀, kí wọ́n ka àwọn tí kì í dé ilé ìwòsàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan, àti nínú ìkòkò

Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan ní nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Iṣan tó dára máa ń fẹ̀, á sì sún kì padà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá. Bí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ibẹ̀ bá pọ̀ jù fún ọdún pípẹ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin oko nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi dé ògongo ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i: ara rẹ̀ á le, á sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìdọ̀tí á wá máa rọ̀ mọ́ ibi tó ti sán. Nígbà tó bá dí nínú ọpọlọ, apá ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya bo ọpọlọ. Nínú àwọn tí SIREN yẹ̀ wò, nǹkan bí 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn dí, ti àwọn 32 tó kù sì bẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí iṣan fi ń bàjẹ́ yìí, ó lè má dun ènìyàn níbì kankan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti burú jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ wa. Púpurú kò jẹ̀bi. Gbágùúdá ni wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ díẹ̀ títí ó fi rọ̀. Wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n tò ó sórí àjà lókè iná títí èéfín fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n ha dúdú yẹn kúrò, wọ́n lọ funfun inú rẹ̀ kúnná, wọ́n fi omi gbígbóná rò ó. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Inú ọbẹ̀ ni iyọ̀ ń gbà wọlé. Ìyá wa àgbà a máa fi irú, edé àti ẹja gbígbẹ fún ọbẹ̀ ládùn. Lónìí, máàgí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń wọ ìkòkò kan, iyọ̀ tún ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú máàgí fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan, kí a sì ka ti inú máàgí, búrẹ́dì àti núdù mọ́ ọn. Ewé tí a fi ń se marúgbo, ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewúro kò wọ́n ní Ìkálẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ń hù sí. Ẹni tó ń jẹ wọ́n déédéé ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀. Ògógóró tí kò ní májèlé pàápàá, bí a bá ń mu ún lámujù, ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àga

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Sísanra kọ́, bẹ́ẹ̀ ni títẹ́ẹ́rẹ́ kọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kí ẹni náà kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kó má kọ́ wọn léra. Kó ti tọ̀ tẹ́lẹ̀, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí tàbí sìgá. Kó ká apá aṣọ kúrò, kó gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì náà kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Ìyá tó sáré sọ ẹrù kalẹ̀ lórí tí wọ́n sì so okùn mọ́ lápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èsì tirẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Bí ìwọ̀n náà bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ẹ jókòó ti nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí léraléra:

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ga o. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Ọmọ mi, mo lò ó. Ìgbà tí mo rí i pé ara mi ti yá, mo dá a dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má dá a dúró mọ́. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yín yá."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló gbé gbogbo ìṣòro ìtọ́jú wa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ti ibà tí ènìyàn ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta kó jù ú sílẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni pé ìwádìí ti wà lórí èyí tó bá ara wa mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán oògùn méjì-méjì tí wọ́n pa pọ̀ wò lára àwọn aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, àwọn àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú wọn ló mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Amlodipine kì í ṣe oògùn àjèjì, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn káàkiri, kò sì wà lára àwọn tó wọ́n jù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rà á fúnra rẹ̀. Dókítà ló mọ èyí tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá gbé mọ́, bí ọ̀rọ̀ bá di wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró wò ó títí di ọ̀la. Ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi tàbí epo pupa, nítorí ọ̀nà ọ̀fun lè má ṣiṣẹ́, kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ẹ kò mọ̀ bóyá iṣan ló dí tàbí ó bẹ́. Ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ewu rẹ̀ lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti inú abúlé létí omi gun ọkọ̀ dé Òkìtìpupa, tó tún gba ọ̀nà Oòrè lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, ti fi ọ̀pọ̀ nínú wákàtí wọ̀nyẹn ṣòfò sójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ìdènà fi jẹ́ ìtọ́jú tó dára jù fún ará Ìkálẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa àti àwọn wòlíì wa, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ènìyàn ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ sílé, kí wọ́n sì tètè tọ́ka aláìsàn sí ilé ìwòsàn. Kò ní dí àdúrà lọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe irú rẹ̀ rí

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Ní 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn aboyún ń kú. Wọn kò dúró kí aboyún wá. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ bá àwọn aboyún nílé, tó mọ orúkọ wọn, tó sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi bímọ. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pè é. Ètò náà di ohun tí àwọn ará òkèèrè ń wá wò.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bèèrè fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè. Kí òṣìṣẹ́ ìlera ní ìwé tí orúkọ gbogbo àgbàlagbà àdúgbò rẹ̀ wà, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn. Kó mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ tán, kó mọ ẹni tó dá a dúró. Kí oògùn wà ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, kí ènìyàn má san owó ọkọ̀ tó ju owó oògùn lọ. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà ní ìlú Oǹdó, yunifásítì tí wọ́n fi sọrí Olúṣẹ́gun Àgágú wà ní Òkìtìpupa gan-an. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí wọ́n ka rọpárọsẹ̀ ní Ìkálẹ̀ bí Ọ̀ṣúntòkun ṣe kà á ní Ìbàdàn ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kí Abọ́dì, Jẹ́gun, Rẹ́bújà, Olófun àti àwọn ọba wa yòókù jókòó ní gbangba kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Kí àwọn ìyálọ́jà, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ní ẹ̀rọ kan sílẹ̀. Owó ẹ̀rọ náà kò tó owó ankara tí à ń dá fún ìnáwó ọjọ́ kan.

Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Owólabí wà lára àwọn adarí rẹ̀ sọ ní 2023 pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń pa lọ́dún, tó jẹ́ mílíọ̀nù 6.6 ní 2020, á di mílíọ̀nù 9.7 ní 2050, orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa já lé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Òkìtìpupa, ní Èkó tàbí ní London, bí ẹ kò bá tíì wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́dún yìí, ẹ lọ wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe bàbá àti ìyá yín lórí fóònù, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè iye tiwọn.